Owó Náà Dà, Ẹ̀yin Apínwó?

Ìbà o, kí n tó bú ènìyàn. Ìbà ẹ̀yin ìyá ọlọ́jà Farin Gada ní Jos níbí, tí ẹ ti ń pàtẹ kí oòrùn tó là. Ìbà ẹ̀yin ará Katako, ẹ̀yin aláchà Bukuru, ẹ̀yin tí ẹ ń ta strawberry lẹ́bàá títì tí ẹ ń to èyí tó pọ́n sókè, tí ẹ ń fi èyí tó ti rà sísàlẹ̀ ike. Mo ti rí yín, mi ò ní sọ fún ẹnikẹ́ni. Ẹlẹ́fẹ̀ kì í la ẹnu kó má kọ́kọ́ kí àwọn ìyá, nítorí náà ẹ dákun, ẹ yọ̀ǹda mi. Àwọn tí mo fẹ́ bú lónìí pọ̀. Mo fẹ́ bú àwọn tó ń pín owó ìrànwọ́ fún obìnrin oníṣòwò. Mo fẹ́ bú àwọn obìnrin tó sọ ìrànwọ́ gbígbà di iṣẹ́ oṣù. Mo sì fẹ́ bú àwọn ọkọ, ṣùgbọ́n àwọn ni n ó fi kẹ́yìn, torí èmi náà wà nínú wọn.

Ẹni tí kò mọ Jos máa ń rò pé òtútù nìkan la ní. Òtútù wà lóòótọ́. Ọmọ Ìbàdàn tó bá gun òkè yìí wá nínú ọyẹ́, súwẹ́tà lórí súwẹ́tà ni, á tún máa béèrè bóyá ẹ̀rọ amúlétutù ló wà ní títàn. Òtútù yẹn náà ló ń jẹ́ kí ànàmọ́ Irish ta dáadáa ní Bokkos àti Mangu, kí kábéèjì, kárọ́ọ̀tì àti strawberry rílẹ̀ gbé. Àwa ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tí wọ́n bí sórí òkè yìí, ayé kùsà àti ọkọ̀ ojú irin làwọn baba wa ti dé. Wọ́n á máa sọ fún wa pé àwọn ló la ìlú. Àwọn ìyá wa kì í dá wọn lóhùn, torí wọ́n ń ka owó ọjà lọ́wọ́.

Ọjà ńlá Terminus jóná nínú oṣù kejì ọdún 2002. Ó ti lé ní ogún ọdún báyìí tí a ti ń gbọ́ pé wọ́n máa tún un kọ́. Àwọn obìnrin tí iná yẹn jó lọ́jà kò dúró de ìgbìmọ̀ kankan. Wọ́n tẹ́ àpò sílẹ̀ lẹ́bàá títì, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ láti orí òfo. Kò sí ẹni tó pè wọ́n ní akọni olùdásílẹ̀ okòwò nígbà yẹn. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba pè wọ́n ní ìdíwọ́ ojú ọ̀nà, wọ́n sì ń gbá igbá wọn dànù.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kan ń ta Irish ní Farin Gada. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀, torí ó mọ ilé mi. Ọmọ rẹ̀ tó wà ní Yunifásítì Jos ló gbọ́ pé àjọ kan ń wá obìnrin tí òwò rẹ̀ ń ṣe ìlú láǹfààní. Owó wà níbẹ̀, ẹ̀kọ́ wà níbẹ̀, oyè fẹ́lò náà wà níbẹ̀. Ọmọ ṣí fọ́ọ̀mù lórí fóònù, ó ń ka ìbéèrè. Ìyá rẹ̀ ń ṣa Irish, ó ń dáhùn. Èmi jókòó lórí àpò, mo ń jẹ ẹ̀pà tí mi ò sanwó rẹ̀.

“Màmá, wọ́n ní ìṣòro wo ni òwò yín ń yanjú?”

“Ebi.”

“Wọ́n ní kó tó igba ọ̀rọ̀.”

“Kọ ọ́ pé ebi tó pọ̀.”

“Wọ́n ní ta ló ń bá yín díje?”

“Ìyàwó àbúrò bàbá ẹ. Kọ orúkọ rẹ̀ síbẹ̀ ní kíkún. Kọ ilé bàbá rẹ̀ náà.”

“Wọ́n ní kí ẹ fi ẹ̀rí hàn pé owó tí ẹ fi ń ṣòwò mọ́.”

Ẹ̀gbọ́n mi ki ọwọ́ bọ àpò épírọ́ọ̀nù rẹ̀, ó fa ìdì owó yọ, ó yẹ̀ ẹ́ wò tinú tẹ̀yìn. “Erùpẹ̀ Bokkos wà lára rẹ̀. Kò mọ́. Ṣùgbọ́n wọ́n ń ná an.”

Gbogbo rẹ̀ ń lọ ní ìrọwọ́rọsẹ̀ títí ọmọ fi dé ìbéèrè tó fẹ́rẹ̀ẹ́ dá ìjà ẹbí sílẹ̀. Wọ́n ní ọ̀nà wo ni Màmá máa gbà jáde kúrò nínú òwò náà tó bá yá. Ẹ̀gbọ́n mi ju Irish ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ó wo ọmọ rẹ̀, ó wo èmi, ó wo ìsọ̀ tó wà lódìkejì. “Mo ti gbọ́,” ló wí. “Ìyàwó àbúrò bàbá ẹ ló kọ fọ́ọ̀mù yẹn.”

Ẹ má rò pé mo ń ṣe yẹ̀yẹ́ ẹ̀gbọ́n mi. Fọ́ọ̀mù ni mò ń ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ń fẹ́ kí obìnrin náà tòṣì, ó sì ń fẹ́ kó lówó, lójú ewé kan náà. Tó bá kọ pé òun ní ẹni mẹ́rin tó ń bá òun ṣiṣẹ́, wọ́n á ní ó ti là, kí ó fi àyè sílẹ̀ fún aláìní. Tó bá kọ pé òun nìkan ni, wọ́n á ní òwò náà kò ní lè gbòòrò. Wọ́n fẹ́ àkọsílẹ̀ ìnáwó ọdún mẹ́ta tí akáúńtáǹtì fọwọ́ sí. Obìnrin tó bá lè sanwó fún akáúńtáǹtì fún ọdún mẹ́ta, ṣé ọ̀dọ̀ yín ló yẹ kó wá, àbí ẹ̀yin ló yẹ kẹ́ ẹ lọ tọrọ lọ́dọ̀ rẹ̀?

Afọ́tò wọn náà wá. Ó ní kí ẹ̀gbọ́n mi má rẹ́rìn-ín, kí àwọn olówó tó wà lókè òkun lè rí i pé nǹkan le. Ó yà á. Ó ní kó wá rẹ́rìn-ín wàyí, èyí ni wọ́n máa lò nínú ìwé ìròyìn ọdún tó ń bọ̀ láti fi hàn pé ìrànwọ́ ti dé ara rẹ̀. Ó tún yà á. Ìdúró kan náà, gèlè kan náà, àpò Irish kan náà.

Wọ́n mú un ṣá. Ó di fẹ́lò. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni ẹ̀kọ́: òmíràn lórí Zoom, òmíràn nínú gbọ̀ngàn. Ti Zoom, ẹ̀gbọ́n mi ń fi dátà ọmọ rẹ̀ wọlé, ó sì ń tajà lọ. Gbogbo kíláàsì ló gbọ́ ọ nígbà tó ń bá awakọ̀ Èkó kan jà lórí owó ẹrù. Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí dáadáa, torí ó yẹ kí ó wà lákọsílẹ̀. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, obìnrin yìí bú awakọ̀ náà, ó bẹ̀ ẹ́, ó bi í léèrè ìyá rẹ̀ tó ń ṣàìsàn, ó tún bú u, awakọ̀ sì gbà láti gbé ogún àpò lọ sí Èkó láìgba kọ́bọ̀ títí ọjà á fi tà. Nígbà tó parí, tíṣà orí Zoom ní: “Màmá, ẹ jọ̀ọ́ ẹ pa ohùn yín, a fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ lórí bí a ṣe ń yí ènìyàn lọ́kàn padà.”

Ti inú gbọ̀ngàn wá ńkọ́? Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó wọ kóòtù ló wá kọ́ wọn ní ìdíyelé. Gírámà rẹ̀ dùn, ó ní àwòrán tó ń tàn lára ògiri, ó sì jọ pé kò ta píọ́wọ́tà rí láyé rẹ̀. Àwọn ìyá ń mi orí. Nígbà tí àkókò oúnjẹ ọ̀sán tó, tíṣà jáde lọ ra strawberry lọ́wọ́ ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀. Ìlọ́po méjì iye tí wọ́n ń tà á ló san. Ó sì dúpẹ́.

Ọjọ́ ìparí dé. Àwọn àlejò pàtàkì sọ̀rọ̀, àwọn àlejò pàtàkì mìíràn dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Wọ́n pín sátífíkéètì, wọ́n pín fìlà, wọ́n pín báàgì alásọ tí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ ìwúrí sí lára. Ṣẹ́ẹ̀kì páálí kan wà níwájú tó ga ju ọmọ ọdún mẹ́wàá lọ, ẹni mẹ́rin ló gbé e fún fọ́tò. Alága ètò ní bóyá ẹnikẹ́ni nínú àwọn ìyá wa ní ọ̀rọ̀ kan láti sọ. Gbọ̀ngàn dákẹ́ rọ́rọ́. Hajiya kan tó ń ta kúlí-kúlí gbé ọwọ́ sókè láti ẹ̀yìn, ó dìde, ó tún hìjáàbù rẹ̀ ṣe, ó ní: “To, ina kuɗin?”

Ní Jos, Berom, Hausa, Ìgbò, Yorùbá, gbogbo wa la gbọ́ èyí láìsí ògbufọ̀. Owó náà dà? Pàtẹ́wọ́ tí wọ́n pa fún Hajiya, àwọn àlejò pàtàkì kò rí irú rẹ̀ gbà.

Ìbéèrè Hajiya, àwọn ọ̀mọ̀wé ti fi ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún wádìí rẹ̀. Ní 2011, nígbà ìjọba Goodluck Jonathan, wọ́n dá ètò YouWiN sílẹ̀: kí ọ̀dọ́ kọ èrò òwò rẹ̀ wá, kí ẹni tó bá yege gba láti mílíọ̀nù kan títí dé mílíọ̀nù mẹ́wàá náírà. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 24,000 ènìyàn tó kọ̀wé ní ìpele àkọ́kọ́, 1,200 ló yege, obìnrin kò sì pọ̀ nínú wọn. Ní 2012, wọ́n ní ó tó gẹ́ẹ́, ìpele kejì, obìnrin nìkan. Ẹ ò rí i bí àwọn ọkùnrin kan ṣe ń wo fọ́ọ̀mù náà nígbà yẹn, tí ojú ń kán wọn, tí wọ́n ń pe ìyàwó wọn ní orúkọ oríkì.

Báńkì Àgbáyé ní ọ̀mọ̀wé kan tó ń jẹ́ David McKenzie. Ó tọ àwọn tó kọ̀wé sí ìpele àkọ́kọ́ lẹ́yìn lọ́dọọdún, àwọn tó yege àti àwọn tí kò yege, ó sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 2017. Àwọn tó gba owó, tó tó bí 50,000 dọ́là lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan, òwò wọn dúró ju ti àwọn yòókù lọ, èrè wọn pọ̀ sí i, àwọn tó sì gba òṣìṣẹ́ tó mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú wọn pọ̀ ju ti ẹgbẹ́ kejì lọ dáadáa. Kí ló fà á? Wọ́n fi owó náà ra ẹ̀rọ àti ọjà, wọ́n fi gba òṣìṣẹ́. Ó parí. Ẹ wo iye ìwé tí òyìnbó kà, iye ọdún tó fi ń bi àwọn ènìyàn léèrè ọ̀rọ̀, kó tó dé ibi tí Hajiya oníkúlí-kúlí ti dé ṣáájú rẹ̀: ẹni tó rówó ra ọjà ló ń rí ọjà tà.

Ẹ jẹ́ kí n yin ẹni tó yẹ díẹ̀, kí wọ́n má baà ní ẹnu mi kan gógó. Àjọ Tony Elumelu bẹ̀rẹ̀ ètò tirẹ̀ ní 2015: 5,000 dọ́là fún ẹni tó bá yege, kò pọn dandan kó dá a padà. Ó kọ́ wọn ní òwò, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n owó wà lẹ́yìn ẹ̀kọ́. Nígbà tó yá, òun àti Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù tún pawọ́ pọ̀ lórí 20 mílíọ̀nù owó yúrò fún 2,500 obìnrin oníṣòwò káàkiri Áfíríkà. Ìyẹn tó ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ yúrò lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan, bí a bá pín in dọ́gba. Ẹ wá fi wé TraderMoni tí ìjọba àpapọ̀ gbé jáde ní 2018, nígbà tí ìgbákejì ààrẹ ń ti ọjà dé ọjà: 10,000 náírà, ẹ sì gbọ́dọ̀ dá a padà. Ní 2024 ìjọba mìíràn ní òun lawọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, 50,000 náírà, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ̀gbọ́n mi ní òun dúpẹ́, pé owó náà á ràn òun lọ́wọ́ láti wọkọ̀ dé Bokkos lọ wo Irish tí òun ò ní lè rà.

Báńkì Ìdàgbàsókè Áfíríkà fìgbà kan sọ pé bílíọ̀nù 42 dọ́là ló kù kí owó tí àwọn obìnrin oníṣòwò Áfíríkà ń rí tó lè kájú ohun tí wọ́n nílò. Mo sọ iye yìí fún ẹ̀gbọ́n mi. Ó ronú sí i. Ó ní kí wọ́n jọ̀ọ́ yọ tòun kúrò nínú ìṣirò náà, 400,000 náírà ló kù tòun, kí wọ́n máa wá ìyókù.

Àfi bíi pé àwọn apínwó wọ̀nyí mọ̀ ọ́n mọ̀ máa yẹ̀ fún ìpínlẹ̀ Plateau tiwa. Ní 2018, Báńkì Àgbáyé fọwọ́ sí 100 mílíọ̀nù dọ́là fún ètò kan tí wọ́n ń pè ní Nigeria for Women. Ìpínlẹ̀ mẹ́fà ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀: Abia, Akwa Ibom, Kebbi, Niger, Ògùn àti Taraba. Taraba! Ẹ̀yìnkùlé wa nìyẹn. Owó rìn kọjá lẹ́bàá fẹ́ńsì, kò tilẹ̀ kí wa. Kí sì ni ètò náà? Kí àwọn obìnrin kó ara wọn jọ lẹ́gbẹ́ẹgbẹ́, kí wọ́n máa dá owó lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí wọ́n máa yá ara wọn. Ẹ gbà mí o. Adashe nìyẹn! Èsúsú nìyẹn! Ohun tí àwọn ìyá wa ń ṣe ní Jos láti ayé kùsà, tí ìyá àgbà fi ìwé àkọsílẹ̀ kékeré kan àti ìbínú gbígbóná darí, ni wọ́n sọ di ètò mílíọ̀nù dọ́là. Ó dára gan-an ni, mi ò bú u, àní ní 2023 wọ́n fi 500 mílíọ̀nù dọ́là kún un kó lè tàn káàkiri. Mo kàn fẹ́ kí ẹnì kan rántí fi nǹkan ránṣẹ́ sí àwọn tó ni àṣà.

Àǹfààní kan tún wà tí òwò àwọn obìnrin Jos ń ṣe, tí mi ò tíì rí àyè rẹ̀ nínú fọ́ọ̀mù kankan. Ẹ̀yin náà mọ ohun tí ojú ìlú yìí ti rí láti 2001, ìjà láàárín onígbàgbọ́ àti mùsùlùmí. Ní 2010, lẹ́yìn ìpànìyàn ọdún náà, Pásítọ̀ Esther Ibanga, tó ti ṣiṣẹ́ ní Báńkì Àpapọ̀ kó tó di ẹni Ọlọ́run, kó àwọn obìnrin onígbàgbọ́ àti mùsùlùmí jọ, wọ́n dá ẹgbẹ́ Women Without Walls sílẹ̀. Ní 2015 wọ́n fún un ní ẹ̀bùn àlàáfíà Niwano ní Jàpáánù. Ẹ̀bùn yẹn tọ́ sí i. Ẹ wá wo Farin Gada lọ́sàn-án ọjọ́ Jímọ̀. Ìyá Hausa kan dìde, ó fẹ́ lọ kírun, ó yíjú sí ìyá Berom tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kò tilẹ̀ sọ nǹkan kan, ó kàn na ìka sí apẹ̀rẹ̀ tòmátò. Ìyá Berom bá a tà á. Nígbà tó dé, owó rẹ̀ pé. Ó kà á ṣá o, torí ọjà ni wọ́n wà. Ibo nínú fọ́ọ̀mù ni wọ́n ti máa kọ ìyẹn sí?

Kí ẹnikẹ́ni má wá sọ pé mo kórìíra fẹ́lò àti ẹ̀bùn. Mi ò kórìíra wọn nígbà tí wọ́n bá bọ́ sọ́wọ́ ẹni tó ń ṣiṣẹ́. Achenyo Idachaba wà ní Ìbàdàn, ó rí koríko orí omi tó ti dí ọ̀nà ọkọ̀ ojú omi, èyí táwọn ènìyàn wa ń pè ní gbéborùn. Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ló kọ́. Ó lọ jókòó ti mọ́là kan ní Sábó kí ó lè kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń hun okùn, ó sì ń fi koríko náà ṣe apẹ̀rẹ̀ àti ohun èlò ilé. Ní 2014 ó gba ẹ̀bùn Cartier fún àwọn obìnrin oníṣòwò. Temie Giwa-Tubosun, ọmọ Ìlá Ọ̀ràngún, dá LifeBank sílẹ̀ ní 2016 láti máa sáré gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sí ilé ìwòsàn kí aláboyún má baà kú. Ní 2019 ó gba ipò kìíní nínú ẹ̀bùn Jack Ma fún àwọn oníṣòwò Áfíríkà, 250,000 dọ́là. Àwọn méjèèjì ti fọwọ́ bọ iṣẹ́ kí ẹ̀bùn tó bá wọn. Èyí ni kí ẹ̀yin kan gbọ́.

Ẹ̀yin wo? Ó dára, mo ti dé ọ̀dọ̀ yín. Ẹ̀yin àǹtí tí ẹ jẹ́ fẹ́lò ní Accra, tí ẹ tún jẹ́ fẹ́lò ní Kigali, tí ẹ ń lọ jẹ fẹ́lò ní London lóṣù tó ń bọ̀. Páṣípọ́ọ̀tù yín ti sanra ju ìwé àkáǹtì òwò yín lọ. Ẹ ní ilé iṣẹ́ tó ń sọ acha, ọkà òkè yìí, di oúnjẹ òde òní. A ti rí i lára báńà, a ti rí i lára fáìlì, a ti rí i lára súwẹ́tà tí ẹ wọ̀. Acha nìkan ni a kò tíì rí. Mo lọ sí ṣọ́ọ̀bù ọ̀kan nínú yín láti ra páálí kan. Àgádágodo ni mo bá. Ọmọdékùnrin kan tó ń ta káàdì níwájú ibẹ̀ ní, “Àǹtí lọ sọ̀rọ̀ lórí bí wọ́n ṣe ń jẹ́ kí ṣọ́ọ̀bù máa wà ní ṣíṣí.” Ètò fẹ́lò Mandela Washington, tí Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ ní 2014, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà gbáko ló máa ń gbé ènìyàn lọ sí yunifásítì òyìnbó nígbà náà. Ó dára fún ẹni tó ń ta ìwé. Ẹni tó ń ta tòmátò, ta ló máa bá a dá tòmátò dúró fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà?

Nígbà tó wá di ogúnjọ́ oṣù kìíní ọdún 2025, ààrẹ Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ìwé kan tó dá owó ìrànwọ́ ilẹ̀ òkèèrè dúró. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kìíní oṣù keje, USAID, àjọ ìrànwọ́ Amẹ́ríkà, ti kógbá sílé. Ó dun ilé ìwòsàn, ó dun àwọn aláìsàn, ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwàdà. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ọ̀jẹ̀ nínú ìpàdé òtẹ́ẹ̀lì, àwọn tí wọ́n ń gba owó ìjókòó, ẹ wo ojú wọn lọ́dún yẹn! Ọ̀kan nínú wọn wá sí Farin Gada fúnra rẹ̀ láti ra Irish. Kò mọ iye tí wọ́n ń tà á. Ọdún mélòó kan ló ti ń kọ ìwé nípa rẹ̀.

Ó wá kan àwa ọkọ. Ẹ sún mọ́ mi, kí àwọn ìyá má gbọ́. Láti ìgbà tí owó ti ń jáde fún òwò tí obìnrin ń darí, ṣé ẹ rí i bí àwọn obìnrin ṣe pọ̀ lójijì nínú ìwé ìforúkọsílẹ̀ ilé iṣẹ́? Ọkùnrin tó ti ń ta páìpù láti ọdún pípẹ́ jí lọ́jọ́ kan, ó sọ ìyàwó rẹ̀ di ọ̀gá àgbà. Ìyàwó kò mọ̀. Ọjọ́ tí àwọn olówó pè é lórí fóònù láti bi í léèrè nípa ilé iṣẹ́ rẹ̀, ó ní: “Ilé iṣẹ́ wo? Ẹ dúró ná, Dádì! Dádì! Wọ́n ní mo ní ilé iṣẹ́!” Dádì ti sá wọ ilé ìwẹ̀. Irú èyí tó tún burú ni ti ẹni tí ìyàwó rẹ̀ rí owó gbà lóòótọ́, tí ọkọ wá jókòó sínú ilé bí onígbọ̀wọ́: owó ilé ìwé, kó yọ ọ́ níbẹ̀, táyà mọ́tò, kó yọ ọ́ níbẹ̀, aṣọ ẹbí, kó yọ ọ́ níbẹ̀. Nígbà tí àwọn apínwó bá wá béèrè ibi tí òwò dé, obìnrin á máa wo ilẹ̀, ọkọ á sì máa sọ fún wọn pé obìnrin kò mọ owó ná.

Ìyàwó mi ti ka ibí yìí. Ó ní kí n fi táyà mọ́tò sílẹ̀ bó ṣe wà, ó hàn sí i.

Ẹ̀yin apínwó, mo ti bú yín tó, ẹ jẹ́ kí n bẹ̀ yín wàyí. Ẹ sọ fọ́ọ̀mù yín di ojú ewé kan. Ẹ kọ ọ́ ní Hausa, ẹ kọ ọ́ ní Berom, ẹ kọ ọ́ ní Yorùbá fún àwa tá a wà lókè yìí. Ẹni tí kò lè kọ, kí ó sọ ọ́ sínú fóònù kí ẹ gbọ́ ohùn rẹ̀. Ẹ lọ wo ẹni náà nídìí ọjà rẹ̀ dípò kí ẹ pè é sí gbọ̀ngàn. Ẹ fi owó báàgì alásọ àti ti ṣẹ́ẹ̀kì páálí kún owó tí ẹ fẹ́ fún un. Òjò máa ń bẹ̀rẹ̀ ní Plateau nínú oṣù kẹrin, ìgbà yẹn làwọn tó ń gbin Irish ń wá owó irúgbìn àti ajílẹ̀, tí àwọn tó ń tà á sì ń san owó sílẹ̀ fún wọn. Tí ẹ bá fẹ́ ran ẹ̀gbọ́n mi lọ́wọ́, kí owó wọlé kí oṣù kẹta tó parí. Nọ́ńbà àkáǹtì rẹ̀ wà nínú fọ́ọ̀mù, ojú ewé kejìlá. Ẹ ní kó kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó sì kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì.